Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Ìdí-Àpáta Sún

Òkun dé sí Ìdí-Àpáta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì dúró sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ bí àlejò tó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Akíngbadé rí i láti orí pákó tó dúró lé, níbi tó ti ń rẹ́ ògiri òkè. Ìlú náà jìnnà sí òkun débi pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ ló kú láìfi ojú kàn án rí, ṣùgbọ́n kò ya Akíngbadé lẹ́nu. Ó wo omi náà, ó rí i pé ó mọ́, ó sì bu sìmẹ́ńtì mìíràn lé ojú ògiri.

Bíríkìlà ni. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyẹn nídìí iṣẹ́ náà, kò sì sí àdúgbò kan nínú ìlú tí kò ní ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, alájà méjì, tó dúró gan-an ní ẹsẹ̀ àpáta ńlá tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ. Àwọn ọmọ ti wọ ìsàlẹ̀ kó tó parí òkè. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa bíìrò lórí ìwé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí òjò wẹ́wẹ́ bá ń rọ̀ sórí ewé kókò.

Ògiri tó ń rẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Irin mélòó lẹ fi sínú òpó mi?" ni ó béèrè. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń bi èèyàn pé aago mélòó ló lù.

"Mẹ́rin," ni Akíngbadé dáhùn.

"Mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Mẹ́rin á gbé mi dé ọ̀sán," ni ògiri wí.

Akíngbadé gbé ṣíbí ìrẹ́lé rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Irin kò tó nígbà tí wọ́n ń da òpó, èyí tó kù kò ní dé títí di ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ọ̀run sì ti ṣú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá pín èyí tó wà nílẹ̀ káàkiri, mẹ́rin mẹ́rin, ó da kọnkéré lé e, ó sì fi sìmẹ́ńtì dán an títí tí òpó fi ń dán bí ojú omi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti ń kọjá lẹ́bàá àwọn òpó náà, ibòmíràn ni ó máa ń wò.

Ẹnìkan ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà láti òkè, níbi tí kò sí òrùlé síbẹ̀, tí kò sì sí ohun kan tí àkàbà lè fara tì. Ẹsẹ̀ ni Akíngbadé kọ́kọ́ rí, ó sì dá a mọ̀. Bàbá Jóòbù ni, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún kejìlá nìyẹn tó ti kú. Akíngbadé fúnra rẹ̀ ló to búlọ́ọ̀kù ibojì rẹ̀, ó sì tò ó gún régé nítorí ó mọ ẹni tó máa sùn síbẹ̀. Bàbá náà wọ ṣòkòtò kakí rẹ̀ péńpé, okùn ìwọ̀n rẹ̀ tó ní òjé lẹ́nu sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ó ní kí Akíngbadé wó ògiri kan tó ti ga dé àyà lulẹ̀ nítorí pé ìlà kan ṣoṣo yà ní ìwọ̀n ìka. Akíngbadé sunkún lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, tí ògiri tuntun ti dúró, kò sí ẹni tó fẹ́ràn láyé tó bàbá náà.

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó.

"Dìde, pákó yẹn ò fẹ̀," ni Bàbá Jóòbù wí.

"Ẹ kú àtijọ́, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí a ti rí yín."

"Mi ò lọ ibì kankan. Ìsàlẹ̀ ni mo wà, mo ń ṣiṣẹ́."

"Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nísàlẹ̀?"

"Wíwò. À ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń rìn."

Bàbá náà bọ́ okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn, ó sọ ọ́ rọ̀. Láyé Akíngbadé, ilẹ̀ tààrà ni òjé máa ń dojú kọ. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó nà gbọnrangandan sí ọ̀nà òkun, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ilẹ̀ máa sún lọ́sàn-án òní," ni Bàbá Jóòbù wí. "Wá kí n fi hàn ọ́ kó o tó lọ sọ fún wọn. Bí o kò bá rí i, ó máa dà bí irọ́ lẹ́nu rẹ."

Àwọn méjèèjì gba àkàbà náà sọ̀kalẹ̀. Igi ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní, ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀ títí orúnkún fi ń dun Akíngbadé. Àkàbà gba àárín iyẹ̀pẹ̀ pupa kọjá, ó gba ibi tí omi kànga ti ń wá, ó wọ inú àpáta. Àpáta náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìpẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ó ń gbóná sí i, ṣùgbọ́n aṣọ wọn kò jó, Akíngbadé kò sì làágùn.

Wọ́n jáde sí gbọ̀ngàn kan tí kò lópin. Ojú bíríkìlà ni Akíngbadé fi kọ́kọ́ wò ó. Ó wá òpó, kò rí ọ̀kan. Dẹ́kì kan, àjà tó fẹ̀ tó gbogbo ayé, wà lókè orí rẹ̀, kò sì sí ohun tó gbé e dúró.

"Ta ló da dẹ́kì yìí?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

"Ilẹ̀ ayé ni. Abẹ́ rẹ̀ lò ń wò yẹn."

Ó wò ó dáadáa. Ilẹ̀ ayé kò rí bí ó ṣe máa ń rò. Awẹ́-awẹ́ ni, bí obì ṣe rí kí a tó pa á, awẹ́ kan fara ti èkejì láìsí àlàfo. Àwọn kan tóbi tó gbogbo ilẹ̀ àwọn èèyàn dúdú, àwọn kan jẹ́ kìkì abẹ́ òkun. Ohun tó gbé wọn kò dà bí omi, kò sì dà bí òkúta. Àpáta gbígbóná ni, tó ki bí ẹ̀kọ lórí iná. Èyí tó gbóná ń ru wá sókè láti ìsàlẹ̀ réré, èyí tó tutù ń rì padà, wọ́n sì ń yí lọ yí bọ̀ bẹ́ẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi sùúrù rò wọ́n. Bí wọ́n ti ń yí ni àwọn awẹ́ lókè ń bá wọn lọ.

"Báwo ló ṣe ń yára tó?"

Bàbá Jóòbù mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn án. "Wo èékánná rẹ. Bó ṣe ń hù, bẹ́ẹ̀ ló ń rìn."

Akíngbadé wo èékánná rẹ̀ títí tó fi rí i tó ń hù. Nígbà tó gbé ojú sókè, àìmọye mílíọ̀nù ọdún ti kọjá, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó rí awẹ́ méjì tó ń jìnnà síra, tí iná ń yọ láàárín wọn, tí ó sì ń di ilẹ̀ tuntun ní ìsàlẹ̀ òkun. Ó rí i pé etíkun tirẹ̀ àti etíkun àwọn tó wà lódìkejì òkun ńlá bá ara wọn mu, ẹnu sí ẹnu, bí ìkòkò tó là sí méjì. Ó rí awẹ́ méjì mìíràn tí wọ́n ń ti ara wọn, kò sì sí èyí tó gbà láti yà. Ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ká jọ bí ẹní tí wọ́n tì láti orí àti láti ẹsẹ̀, ó ga, ó sì ń ga sí i, títí orí rẹ̀ fi wọ inú òtútù, tó sì funfun. Ìkarawun ẹran omi wà lórí òkè náà, nítorí ìsàlẹ̀ òkun ló ti bẹ̀rẹ̀.

Omijé bọ́ lójú Akíngbadé. Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tó ń ṣe é ni ohun tó ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Bàbá Jóòbù níbi iṣẹ́, tó sì dúró lójú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó gbàgbé ibi tí wọ́n rán an.

"Bàbá, iṣẹ́ yìí dára," ni ó wí.

"Ó dára gan-an," ni Bàbá Jóòbù dáhùn. "Kò sí ọjọ́ kan tí mo wò ó tó sú mi."

Wọ́n rìn dé etí àwọn awẹ́, níbi tí ọ̀kan ti ń wọ abẹ́ èkejì lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ gaara, Akíngbadé sì rí àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ló rí, àìmọye àtẹ́lẹsẹ̀, bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí àwọn kan ń jó, tí àwọn kan dúró níwájú ààrò. Ìlú tó kún fọ́fọ́ pọ̀ ní etí náà ju ti àárín lọ.

"Kí ló dé tí wọn ò kó kúrò níbí?"

"Eérú òkè oníná ló ń mú iṣu wọn ta. Òkun ló ń fún wọn lẹ́ja. Àwọn bàbá wọn sì wà nínú ilẹ̀ yẹn. Níbo lo fẹ́ kí wọ́n lọ?"

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, Akíngbadé rí ibì kan tí awẹ́ méjì ti há mọ́ra wọn. Wọ́n fẹ́ kọjá, wọn kò lè kọjá. Etí ọ̀kan ti tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà. Ó ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ sì ti bímọ, wọ́n ti bí ọmọ ọmọ, wọn kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó já. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé kan gbọ̀n, wọ́n tẹ̀ sí ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ sí òsì, wọ́n sì dúró padà. Àwọn ilé kan jókòó lé àwọn tó ni wọ́n lórí.

"Ilẹ̀ ò pa èèyàn kankan níbí," ni Bàbá Jóòbù wí jẹ́ẹ́. "Ilé ló pa wọ́n."

Akíngbadé kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Ní etíkun ibẹ̀, òkun sá sẹ́yìn, ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iyanrìn. Àwọn èèyàn sáré lọ ń kó ẹja. Obìnrin arúgbó kan kò lọ. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un nígbà kékeré pé bí òkun bá lọ lójijì, kí ó má ṣe dúró wò ó. Ó gbé abọ́ páànù kan, ó ń lù ú, ó ń pariwo, ó ń fi ọ̀pá na àwọn tó tẹ̀ síwájú. Gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé e lọ sórí òkè, àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń fi í ṣẹ̀sín. Àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ ló gòkè kẹ́yìn. Nígbà tí òkun padà dé, ó ga ju igi àgbọn lọ, kò sì bá ẹnì kan ní àdúgbò yẹn. Akíngbadé béèrè orúkọ obìnrin náà. Bàbá Jóòbù sọ ọ́ fún un. Orúkọ náà gùn, ó dùn, Akíngbadé sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa gbàgbé.

"Ṣùgbọ́n àwa, àárín awẹ́ la wà," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa."

"Àárín la wà lóòótọ́. Ó máa ń pẹ́ púpọ̀ kí àárín tó mì. Ṣùgbọ́n wo òkè."

Akíngbadé gbé orí sókè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára awẹ́ tiwọn, àpá ibi tó ti fẹ́ là láyé àtijọ́, tí kò là tán. Ìlà náà ti tẹ̀. Lókè rẹ̀ tààrà, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ kéékèèké nínú sálúbàtà, méjì méjì, ní ìlà ìlà. Díẹ̀ nínú wọn kò kanlẹ̀, nítorí àga ga fún àwọn tó ni wọ́n.

"Bàbá, ẹ dá a dúró."

"Èmi?" Bàbá Jóòbù rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹ̀gàn nínú ẹ̀rín náà. "Ọwọ́ ta ló ká a? Lọ kó wọn jáde."

Akíngbadé gun àkàbà. Ó yọ láti ẹ̀yìn pátákó dúdú, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilé tó ń kọ́. Yàrá náà ti yí padà díẹ̀. Ògiri rẹ̀ ti di ògiri ilé ìdáná ìyá rẹ̀, èéfín sì ti pa á láró, ṣùgbọ́n tábìlì àwọn ọmọ wà níbẹ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta, àwọn ọmọ sì tẹrí ba nídìí wọn, wọ́n ń kọ̀wé.

Tíṣà Ìbírónkẹ́ dúró níwájú wọn. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn ni ó fi so apá kan awò ojú rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú kí ilé yìí tó wà. Bí òjò bá dé, á fi ara rẹ̀ bo pátákó. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń dìde ní gbogbo ìpàdé ìlú, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, títí wọ́n fi gbà.

"Bàbá Ọlátóún, ẹ káàbọ̀," ni ó wí. Ọlátóún ni àkọ́bí Akíngbadé. "Ẹ rọra o, ìdánwò ni wọ́n ń ṣe."

"Tíṣà, ẹ kó wọn jáde. Ilẹ̀ máa sún lọ́sàn-án."

"Ilẹ̀ ibo?"

"Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àárín awẹ́ la wà, sà. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀."

"Àárín náà ní ìlà lára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ ni."

Ó wo ẹsẹ̀ Akíngbadé, ó rí i pé eérú gbígbóná wà lára bàtà rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ká ní ó tiẹ̀ mì," ni ó wí, "ilé tuntun nìyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ṣé ilé yín ò ní dúró ni?"

Akíngbadé la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n iyanrìn ló kún ẹnu rẹ̀. Ó tu ú dà sílẹ̀. Iyanrìn odò tó dára ni, irú èyí tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Ó tu ú títí ó fi tó ẹrù orí kan, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ tó jáde.

"Irin mẹ́rin ni mo fi sínú òpó. Mẹ́fà ló yẹ. Mo mọ̀, mo sì fi sìmẹ́ńtì bò ó."

Gbogbo bíìrò dákẹ́. Tíṣà Ìbírónkẹ́ yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ni ó wí.

"Mo mọ̀, Tíṣà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ parí kí òjò tó dé. Mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi lọ́jọ́ ìṣílé."

Tíṣà kò pariwo. Ó wo omi inú ife tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Omi náà ń ṣe òrùka, kékeré nínú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kan tábìlì. Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà.

"A ó sọ ìyẹn nígbà tó bá yá," ni ó wí, ó sì nawọ́ sí agogo.

"Mo ti ṣe tán," ni agogo wí.

Àwọn ọmọ dìde. Ọ̀kan di èjìká èkejì mú, wọ́n sì ń jáde ní ìlà láìsáré, bí ó ti kọ́ wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń fi ọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gùn sí i bí wọ́n ti ń rìn. Nígbà kan ó gùn tó ojú ọ̀nà oko, koríko sì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tó sunkún.

Akíngbadé lọ fi ẹ̀yìn ti òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé e ró. Ó ń gbúròó irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti dúró pẹ́ jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á," ni ó sọ fún wọn.

"Mélòó ló kù?" ni òpó béèrè.

Tíṣà ti ka ọgọ́ta. Ó tún un kà, ọgọ́ta náà ni. Ó yíjú, ó sì padà wọlé. Akíngbadé fẹ́ pè é padà, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò tó. Láti ibi tó wà, ó rí inú yàrá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá ṣì jókòó sí àga ẹ̀yìn, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ lẹ́nu, ó ń kọ̀wé. Eruku sìmẹ́ńtì ń já bọ́ láti òkè sí orí ìwé rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ kúrò.

"Mopélọ́lá, dìde ká lọ."

"Ó ku ìbéèrè kan, Mà."

Tíṣà Ìbírónkẹ́ tẹ̀ wò ó. Ìbéèrè náà ni pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ti kọ ìdáhùn rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: *Àkókò.* Tíṣà kà á. Ó mú bíìrò pupa kúrò lẹ́yìn etí, ó fi àmì sí i pé ó gbà á, ó sì gbé ọmọ náà lé ìbàdí, àwọn méjèèjì sì jáde kọjá níwájú Akíngbadé.

"Kúrò báyìí," ni òpó sọ fún un. Ó kúrò.

Ọ̀sán pọ́n. Ìró kan wá láti ìsàlẹ̀, etí kò gbọ́ ọ dáadáa, àyà ló gbọ́ ọ. Ilẹ̀ Ìdí-Àpáta sún ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń kí bàbá rẹ̀ kú òwúrọ̀ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ jókòó. Òkè rẹ̀ wá sílẹ̀, ó bo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, tábìlì mọ́kànlélọ́gọ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹnì kan nídìí wọn. Eruku dìde, ó funfun, ó sì bo gbogbo wọn títí wọn kò fi mọ ẹni tó jẹ́ àgbà àti ẹni tó jẹ́ ọmọ.

Nígbà tí eruku lọ, wọ́n rí ilé tí Bàbá Jóòbù kọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn ní òdìkejì ojú ọ̀nà. Ó ń mì síbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó dìde, ó tún tẹ̀, ó sì dìde dúró ṣinṣin. Fèrèsé kan ṣoṣo ló fọ́ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Akíngbadé náà pàtẹ́wọ́, omijé sì ń la ọ̀nà nínú eruku ojú rẹ̀.

Òkun tó wà ní ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ó fi ẹja sílẹ̀ lórí koríko, àwọn èèyàn sì ti ń gbé agbọ̀n, wọ́n ń sáré lọ. Akíngbadé gbé páànù tó fi ń gbé sìmẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí lù ú.

"Ẹ fi ẹja sílẹ̀!" ni ó ń pariwo. "Orí àpáta! Gbogbo yín, orí àpáta!"

"Kí ló ń ṣe bíríkìlà yìí?" ni ẹnìkan béèrè.

"Ẹ tẹ̀ lé e," ni Tíṣà Ìbírónkẹ́ dáhùn. "Ó mọ ohun tó ń sọ lónìí."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlú gun àpáta, àwọn arúgbó lórí ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́, ewúrẹ́ níwájú. Àpáta náà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ gbé lé. Akíngbadé dúró nísàlẹ̀, ó ń lu páànù títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, ó sì wá gòkè. Òkun padà dé. Ó ga, ó dúdú, ó gba orí ọjà kọjá, ó dé orúnkún àpáta, ó fi ara rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì padà sílẹ̀. Wọ́n ka ara wọn ní agboolé agboolé. Gbogbo èèyàn pé.

Wọ́n jókòó lórí àpáta, wọ́n ń wo ìlú.

"Ẹ ó tún un kọ́," ni Tíṣà Ìbírónkẹ́ wí. Kò wo Akíngbadé.

"Màá tún un kọ́."

"Irin mélòó?"

"Mẹ́fà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kà á kí n tó da kọnkéré."

"Àwọn ọmọ ló máa kà á," ni ó wí. "Tó bá yá, ẹ máa dúró níwájú ìpàdé ìlú, ẹ sì máa sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi."

"Màá sọ ọ́."

Ó sún mọ́ ọn díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ó fún un ní apá kan ìborùn rẹ̀ kó fi nu ojú.

Bàbá Jóòbù wà láàárín wọn, ó ń jẹ àgbàdo sísun tí ẹnìkan fún un. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Akíngbadé bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ọ̀la.

"Iṣẹ́ wà nílẹ̀," ni bàbá náà wí. Ó gbé ọwọ́ lé Akíngbadé lórí, ọwọ́ náà sì wúwo, ó gbóná, bí ó ṣe rí nígbà ayé rẹ̀. Ó wọ ojú ibi tí àpáta ti là, ó sì fà á pa dé lẹ́yìn ara rẹ̀, bí ẹni tó fa aṣọ ìkélé.

Omi ń hó lókèèrè. Ilẹ̀ kan ń jáde láti inú òkun, ilẹ̀ dúdú tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí, ooru ń yọ lára rẹ̀. Ó ń sún bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí etí rẹ̀ fi kan etí àpáta. Obìnrin kan ń rìn bọ̀ lórí rẹ̀. Omi ń kán láti ara aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n igi ìdáná tó rù gbẹ dáadáa. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sọ ẹrù rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni ó wí. "Ṣé ibí yìí ni wọ́n ti ń ta iyọ̀? Ọjà ni mo ń lọ kí ilẹ̀ tó gbé mi wá síbí."

Akíngbadé kí i pé ó káàbọ̀. Ó sún díẹ̀, Tíṣà Ìbírónkẹ́ náà sún, Mopélọ́lá sún, ẹni tó tẹ̀ lé e sún, títí àyè fi ṣí sílẹ̀ fún obìnrin náà láàárín wọn, ó sì jókòó.